"Kí Ni Mo Ní Tí N Ó Fi Ní Àrùn Olówó?": Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Màmá Ẹlẹ́kọ Kan n'Ìbàdàn

Oṣù Kejì ọdún 2023 ni mo kọ́kọ́ wọn BP (ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) màmá yìí. Ẹ̀rọ kọ 192 lórí 114. Mo ní kí wọ́n jókòó, kí ara wọn balẹ̀, mo bu omi fún wọn, mo sì tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10: 188 lórí 112. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ wọn ru gan-an, wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, kí ni mo ní tí n ó fi ní àrùn olówó?"

Káàdì wọn wà níwájú mi. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń bọ̀ ní ilé ìwòsàn alábọ́dé wa, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án péré ni wọ́n sì fojú hàn láàárín ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí ọ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹsẹ̀ẹ̀sán tí nọ́ńbà òkè wálẹ̀ dé 140, ibi tí a ti ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Lórí káàdì náà, ẹnì kan nínú wa ti fi bírò pupa kọ ọ́ pé, "Alágídí. Kì í lo òògùn." Mo gba ohun tí bírò pupa yẹn sọ gbọ́ fún oṣù mẹ́jọ gbáko, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí fún àwa tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Ẹni ọdún 58 ni wọ́n nígbà náà. Opó ni wọ́n, ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí, àbíkẹ́yìn ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ girama. Yàrá kan ni wọ́n ń gbé nínú ilé ọlọ́pọ̀ yàrá ní àárín Ìbàdàn. Ẹ̀kọ ni wọ́n ń ṣe tà, iṣẹ́ tí wọ́n bá lọ́wọ́ ìyá wọn. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀kọ jẹ àkàrà láàárọ̀ lè máà mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀. Wọn á rẹ àgbàdo, wọn á gbé e lọ sọ́dọ̀ ọlọ́lọ̀, wọn á sẹ́ ẹ, wọn á dúró kí ògì silẹ̀. Aago mẹ́ta òru ni wọ́n ń jí dáná igi. Wọn á jókòó sórí àpótí kékeré, wọn á tẹ̀ síwájú, wọn á máa fi ọmọ orógùn ro ìkòkò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọmọ ọdún mẹ́ta ní gíga. Bó bá jinná, wọn á máa bù ú sínú ewé níkọ̀ọ̀kan nígbà tó ṣì ń jó ni lọ́wọ́. Abẹ́ páànù ní ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀, èéfín kò sì rí ibi gbà jáde.

Màmá náà tín-ín-rín. Mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí èyí. Ó ti pẹ́ tí a ti ń bá àwọn aráàlú sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru bí ẹni pé àwọn tó sanra, tó ní mọ́tò, tó ń jẹ ẹran lójoojúmọ́ nìkan ló ń ṣe. Ẹni tó tín-ín-rín, tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ọjà tó sì ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀, á gbọ́ ọ, á ní ọ̀rọ̀ náà kò kan òun. Àwa la fi ọ̀rọ̀ "àrùn olówó" sí màmá yẹn lẹ́nu.

Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni ohun tí ìwé kọ́ wa. Dókítà tó máa ń wá lọ́jọ́rú gbé amlodipine, òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lò, láti míligíráàmù 5 sí 10, ó sì fi òògùn tó ń mú ni tọ̀ kún un. Èmi ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo mọ̀ sórí: ẹ dín iyọ̀ kù, ẹ máa jẹ èso, ẹ máa ṣe eré ìdárayá, ẹ máa sùn tó wákàtí méje. Wọ́n gbọ́ mi dé òpin. Wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi," wọ́n dìde, wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n lọ. Mo sọ fún ẹni tó ń jí aago mẹ́ta òru pé kó sùn wákàtí méje. Mo sọ fún ẹni tó ń gbé garawa ògì lérí pé kó ṣe eré ìdárayá.

Ní oṣù Kẹrin, BP wọn wà ní 186 lórí 110. Mo béèrè òògùn tó ń mú ni tọ̀. Wọ́n ní ọjọ́ méjì péré làwọn lò ó. Ìbínú ti fẹ́ gbé mi, kí n tó ronú pé kí n béèrè ìdí. Kò sí ibi tí wọn yóò tọ̀ sí nídìí àtẹ. Ilé ìyàgbẹ́ tó wà lọ́jà, owó ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárọ̀ kan ló sì ń gbé wọn dìde. Ta ni yóò máa ṣọ́ ẹ̀kọ? Owó ẹ̀kọ mélòó ni wọn yóò fi tọ̀? Dókítà yọ òògùn náà kúrò. A kò tíì kọ́gbọ́n tó yẹ nínú rẹ̀, a kàn gbà pé òògùn kan ni kò bá wọn lára mu.

Lẹ́yìn náà ni ìnáwó yí padà fún gbogbo wa. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Nínú oṣù Kẹfà, náírà já wálẹ̀ sí dọ́là. Owó ọkọ̀ gbéra, owó àgbàdo gbéra, owó igi ìdáná gbéra. Òògùn tí ohun èlò rẹ̀ ń ti òkè òkun wá kò ní ṣàì gbéra. Ní ìparí oṣù Keje, wọ́n ra hóró 30 lọ́wọ́ wa. A kò rí wọn mọ́ ní oṣù Kẹjọ, a kò rí wọn ní oṣù Kẹsàn-án.

Àárín oṣù Kẹwàá, abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé ló gbé mi dé àdúgbò wọn, ilé dé ilé. Bí mo ṣe yọ sí ẹ̀yìnkùlé kan ni mo bá wọn lórí àpótí, èéfín ti bo wọ́n, omi ń jáde lójú wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n wo òògùn yín." Wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn agolo iyọ̀, wọ́n fa ọ̀rá dúdú kan jáde.

Mo ka hóró amlodipine tó wà níbẹ̀. Ó ku 11. Ìyẹn ni pé 19 ni wọ́n ti lò ní nǹkan bí ọjọ́ 77. "Ọjọ́ wo lẹ máa ń lò ó, Ìyá?"

"Ọjọ́ tí ẹ̀kọ bá tán."

Kò yé mi. Wọ́n fi sùúrù là á yé mi, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. Lọ́jọ́ tí ẹ̀kọ bá tán, owó oúnjẹ gidi á wà, wọn á jẹun, wọn á wá lo òògùn. Lọ́jọ́ tí ẹ̀kọ bá ṣẹ́kù, wọn kì í jẹun kánú, àwa nọ́ọ̀sì la sì sọ fún wọn pé wọn kò gbọdọ̀ lo òògùn lórí inú òfìfo. Wọ́n ń pa òfin wa mọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ amlodipine kò bèèrè oúnjẹ rárá. Ẹni tó jẹun lè lò ó, ẹni tí kò tíì jẹun lè lò ó. Ọ̀rọ̀ kan tí a máa ń sọ lé òògùn gbogbo láìronú ló ti gba ọjọ́ púpọ̀ lọ́wọ́ màmá náà.

Nínú ọ̀rá kan náà ni mo ti rí ìwé pélébé kan tí wọ́n ṣẹ́ bí ìgbà tí wọ́n bá di ẹ̀pà. Mo tú u. Hóró funfun kan, hóró pupa rẹ́súrẹ́sú kan, kápúsù kan. Mo dá méjì mọ̀: diclofenac àti piroxicam, òògùn ara ríro ni méjèèjì. Ẹ̀kẹta, n kò lè sọ ohun tó jẹ́ títí di òní.

"Èyí ńkọ́, Ìyá?"

"Ìyẹn ni ti ẹ̀yìn ríro. Ọwọ́ àwọn ọmọ tó ń kiri òògùn ni mo ti ń rà á, alaalẹ́ ni. Ìyẹn ò ṣeé fò. Bí mi ò bá lò ó, mi ò ní lè nàró láàárọ̀, ta ni yóò wá ro ẹ̀kọ?"

Mo jókòó sílẹ̀. Òògùn tí wọ́n ń fò ni èyí tó ń rọ ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀; èyí tí wọn kì í fò ni èyí tó ń tì í sókè. Irú òògùn ara ríro bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí kíndìnrín di iyọ̀ àti omi mú sínú ara, BP á sì ga sí i. Ó tún máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ fún àwọn òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, pàápàá èyí tó ń mú ni tọ̀. Bó bá sì pẹ́ lára, ó lè ba kíndìnrín fúnra rẹ̀ jẹ́. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń wá sọ́dọ̀ wa, kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ wọn rí pé, "Kí lẹ ń lò sí ara ríro?" Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ló ń dá wọn lẹ́yìn, ẹ̀yìn ló ń rán wọn sí ọmọ tó ń kiri òògùn, òògùn ló sì ń ru ẹ̀jẹ̀ wọn. A ń wo BP nìkan, a kò wo àpótí tí wọ́n ń jókòó lé.

Ohun kejì tó ṣí mi lójú ni àbúrò wọn. A ní kí màmá mú ẹnì kan nínú ẹbí wá, àbúrò wọn obìnrin ló bá wọn wá ní oṣù Kọkànlá. Ọmọ ìyá kan náà, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n. Ẹni ọdún 52 ni, òṣìṣẹ́ ìjọba, mọ́tò ló wà wá. Ó sanra ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ dáadáa, ó ń jókòó láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ṣúgà rẹ̀ sì ti ń sún mọ́ ibi tí a kò fẹ́. Bí a bá fi ojú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa wò ó, òun ló yẹ kí a máa bẹ̀rù fún. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún wọn níbi iṣẹ́ ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ló fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ òun náà ru, 170 lórí 100. Lọ́jọ́ tó wá yẹn, 128 lórí 78 ni.

Mo béèrè ohun tó ń ṣe. Kò sí idán kankan ńbẹ̀. Wọ́n ń yọ owó ìlera adójútòfò nínú owó oṣù rẹ̀, nítorí náà òògùn rẹ̀ kì í tán. Bó bá ní ọjọ́ ìpàdé pẹ̀lú dókítà, yóò gbàyè lẹ́nu iṣẹ́, owó oṣù rẹ̀ kò sì ní dín. Òògùn tó ń mú ni tọ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pa tì, òun ń lò ó, torí ilé ìyàgbẹ́ kò ju ìgbésẹ̀ díẹ̀ sí tábìlì rẹ̀.

Ìgbà náà ló bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní pírámárì mẹ́ta kó lè máa ran ìyá wọn lọ́wọ́ nídìí ẹ̀kọ, owó ẹ̀kọ náà ni wọ́n sì fi rán òun níwèé. Màmá na ọwọ́, wọ́n nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìborùn wọn, wọ́n ní, "Ó tó, ó tó. Ta ló bèèrè ìyẹn?"

Mo ti ka ohun tó jọ èyí nínú ìwé, n kò tíì rí i kó jókòó síwájú mi. Ìwádìí kan wà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1997, tí Richard Cooper àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní erékùṣù Karíbíánì àti ní Amẹ́ríkà. Ìgbó-Ọrà tiwa níbí wà lára ibi tí wọ́n ti wọn BP àwọn ènìyàn. Nínú 100 àgbàlagbà, bíi 16 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 26 ní Karíbíánì, 33 ní Amẹ́ríkà. Orísun kan náà ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀, ibi tí ayé gbé wọn sí ló yàtọ̀. Ní London ẹ̀wẹ̀, ìwádìí Whitehall tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967 tẹ̀ lé àwọn ọkùnrin òṣìṣẹ́ ìjọba. Àwọn tó wà ní ìpele ìsàlẹ̀ pátápátá ń kú ní ìlọ́po mẹ́ta àwọn tó wà lókè. Sìgá, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti BP kò sì tó láti ṣàlàyé gbogbo àlàfo yẹn, bẹ́ẹ̀ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ wà fún gbogbo wọn. Ọmọ ìyá méjì tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa lọ́jọ́ náà ni àlàfo ọ̀hún.

Ohun tí a wá ṣe yàtọ̀. Ẹ̀yìn ni a kọ́kọ́ dojú kọ, kí a tó yí òògùn kankan padà. Bíríkìlà kan tó ń gbé inú ilé náà fi búlọ́ọ̀kù gbé ààrò sókè ní ọ̀sán ọjọ́ kan, débi tí màmá lè fi jókòó sórí àga gidi ro ẹ̀kọ láìtẹ̀. Wọ́n wá ọmọ orógùn tó gùn jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọmọ àbíkẹ́yìn gba iṣẹ́ omi pípọn. Wọ́n ká páànù ẹ̀gbẹ́ kan kúrò kí èéfín lè jáde. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe n'Ìbàdàn níbí láàárín àwọn aboyún, tó jáde ní 2017, ti fi hàn pé BP àwọn tó fi iná ẹtanọ́ọ̀lù rọ́pò igi àti kẹrosíìnì sàn ju ti àwọn yòókù lọ. A kò ní owó sítóòfù, páànù ni agbára wa ká. A fi parasitamọ́ọ̀lù rọ́pò àpòpọ̀ inú ìwé. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kò rọrùn, ẹ̀yìn wọn ro wọ́n gan-an, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má padà sídìí ọmọ òògùn.

Àkókò òògùn, a so ó mọ́ iná. Bí wọ́n bá ti gbé omi ẹ̀kọ kaná láago mẹ́ta, kí wọ́n gbé hóró kan mì, wọn ì báà jẹun, wọn ì báà má jẹun.

Ní ti oúnjẹ, n kò dárúkọ ápù mọ́. Mo béèrè ohun tó ń wọnú ìkòkò. Mágí mẹ́rin ni fún ọbẹ̀ ọjọ́ kan, iyọ̀ tún wà lórí rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lóòjọ́, ìyẹn bíi ṣíbí ìmutíì kan, kí a sì ka ti inú mágí mọ́ ọn. A dín mágí sí méjì, a fi irú kún un. Ẹ kíyè sí irú náà o: àwọn kan ti ń fi iyọ̀ sí i kó má bàa tètè bàjẹ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Ìwádìí SIREN, tí Mayowa Owolabi ti Ìbàdàn ṣáájú nínú rẹ̀, tó jáde ní 2018 lórí rọpárọsẹ̀ ní Nàìjíríà àti Ghana, ka àìjẹ ẹ̀fọ́ tútù àti fífi iyọ̀ kún oúnjẹ lórí tábìlì mọ́ ohun tó ń fà á, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru tó jẹ́ olórí gbogbo wọn. Ẹ̀fọ́ kò wọ́n nígbà òjò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wàhálà, n kò sì rí ojútùú tó dán mọ́rán sí ìyẹn. Ọ̀sán wọn tẹ́lẹ̀, búrẹ́dì àti mínírà ni. Àwọn fúnra wọn ló wá ọgbọ́n èyí: wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀kọ ṣe pàṣípààrọ̀ mọ́ínmọ́ín pẹ̀lú ẹni tó pàtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọn ò náwó, wọ́n sì yó.

Owó òògùn, alájọ la gbé e fún. Ojoojúmọ́ ló kúkú ń kọjá nídìí àtẹ wọn. Ó ṣí káàdì kejì fún òògùn nìkan, ó sì ní òun kò ní yọ owó ọjọ́ kan tó jẹ́ èrè òun níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá, BP wà ní 158 lórí 94. Inú mi dùn débi pé mo sọ ọ́ ní ìpàdé.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, owó WAEC ọmọ àbíkẹ́yìn dé. Màmá gba gbogbo owó tó wà lórí káàdì òògùn, wọ́n san án. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọn kò fi lo òògùn. 176 lórí 104. Ìyá wo ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Àwa la fi owó sílẹ̀ lówó, níbi tí gbogbo ìṣòro ilé ti lè nawọ́ kàn án. Láti ìgbà náà, bí owó bá ti pé lọ́wọ́ alájọ, ọ̀dọ̀ onílé òògùn ló ń gbé e lọ tààrà, hóró oṣù mẹ́ta á sì jáde lẹ́ẹ̀kan. Àbúrò wọn sì fi orúkọ wọn sílẹ̀ nínú ètò adójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀, ó ń san owó ọdọọdún rẹ̀. Òfin ọdún 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n màmá tó ń ro ẹ̀kọ kò mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà títí ẹnì kan fi mú fọ́ọ̀mù wá bá wọn.

Ìgbà tí mo wọn BP wọn kẹ́yìn, 138 lórí 84 ni.

Iṣẹ́ wa ti yí padà nítorí wọn. Kí a tó gbé òògùn ga fún ẹnikẹ́ni, a ní kó gbé ọ̀rá òògùn rẹ̀ wá, gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tó rà lójú títì, a ó sì kà á. A ń béèrè iṣẹ́, a sì ń ní kó fi bó ṣe ń ṣe é hàn wá. A ń béèrè ibi tó ń tọ̀ sí kí a tó fún un ní òògùn tó ń mú ni tọ̀. A ń béèrè bí owó ṣe ń wọlé fún un, lójoojúmọ́ ni àbí lóṣooṣù, kí a tó pinnu iye hóró tí a ó fún un lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ àwọn ọlọ́jà ti kúrò ní àárọ̀, aago mẹ́ta ọ̀sán ni a ń rí wọn, nígbà tí ọjà ti tú. Mo sì bẹ gbogbo ẹni tó ń kọ káàdì pé kí wọ́n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀: "hóró 19 ní ọjọ́ 77, kò sí owó oúnjẹ." Ẹni tó bá ka ìyẹn á mọ ohun tó kàn láti ṣe. "Alágídí" kò sọ nǹkan kan fún mi ju pé kí n jágbe mọ́ wọn.

Ohun kan ṣì ku. Pírótéènì díẹ̀ wà nínú ìtọ̀ wọn nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò, àmì pé kíndìnrín lè ti fara pa, a kò sì lè sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á tàbí òògùn ẹ̀yìn. Àyẹ̀wò kíndìnrín tó kàn di oṣù tó ń bọ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ màmá bóyá owó rẹ̀ wà. Wọ́n ní ó ti wà lọ́wọ́ alájọ, ó ku ọjọ́ mẹ́rin kó pé.